Ìyá Ẹ-Rọra, Olùṣọ́ Yàrá Òkè Nílé Òǹkọ̀wé

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1949 ni a bí Màmá wa, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé tí bàbá wọn ti ń to lẹ́tà. Ọmọ atẹ̀wé ni wọ́n, ọmọ ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú tí kò ṣì í kà. Ọmọ aránṣọ ni wọ́n, ọmọ ẹni tó kó abẹ́rẹ́ mẹ́fà sẹ́nu tó ń bá oníbàárà jà, tí kò gbé ọ̀kan mì. Màmá ni ìkejì nínú ọmọ mẹ́rin, àwọn sì ni ariwo wọn pọ̀ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Màmá sí Ìyá Ẹ-Rọra, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà nílé ẹ̀kọ́, láti ọdún 1955 títí di 1967, Màmá kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Fífò ni wọ́n ń fò. Ìwé èsì ẹ̀kọ́ wọn ti ọdún 1959 ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ohun tí olùkọ́ kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni pé: “Ó mọ ìṣirò. Ó mọ ìwé kà. Kò mọ ẹ̀rù.” Eyín iwájú kan lọ sí i, wọn kò jáwọ́.

Lọ́dún 1968, ilé alájà méjì tí òǹkọ̀wé àgbà gbé títí tó fi kú di ilé ìrántí. Màmá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa gbá a. Nísàlẹ̀, yàrá ìgbàlejò àti ilé ìdáná. Lókè, lẹ́yìn àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá, yàrá ìkọ̀wé: tábìlì, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ìgò yíǹkì, awò ojú, àti ìwé láti ilẹ̀ dé àjà. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹni tó ń gbálẹ̀ ti di ẹni tó ń mú àlejò kiri, nítorí gbogbo ohun tó wà nínú ìwé òkè yẹn ni Màmá ti kà tán níbi tí wọ́n ti ń nu eruku wọn.

Inú ilé náà ni wọ́n ti pàdé Bàbá wa, káfíńtà tó wá tún fèrèsé ṣe lọ́dún 1973. Màmá fò láti orí àtẹ̀gùn kẹta, wọ́n balẹ̀ sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Bàbá ní, “Ṣé ojú ni ò sí ni, àbí ẹsẹ̀ ló pọ̀ jù?” Màmá ní, “Ta ló ní kó o gbé pósí sójú ọ̀nà?” Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti di tọkọtaya. Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

Lọ́dún 1984, ilẹ̀ pákó yàrá òkè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì. Ikán ti wọ igi ìdábùú ńlá tó gbé e dúró. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé náà gbé iṣẹ́ fún Bàbá pé kí wọ́n pààrọ̀ igi yìí kí àwọn àlejò pàtàkì tó dé. Bàbá tilẹ̀kùn mọ́rí fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n jáde, ilẹ̀ le gbagidi, ọ̀dà ń dán. Ìgbìmọ̀ fún Bàbá ní ìwé ìmọrírì nínú férémù, a sì gbé e kọ́ sára ògiri nísàlẹ̀, níbi tó wà títí dòní. Inú Màmá dùn débi pé àwòrán òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ń dúró de ìgbà tí wọ́n bá nu férémù ọkọ wọn tán.

Oṣù kẹjọ ọdún 1996 ni Bàbá papò dà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n ní kí gbogbo wa jáde nínú yàrá, kó ku Màmá nìkan. A rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà ni a tó mọ ohun tí Bàbá sọ.

“Ìyá àwọn ọmọ, igi yẹn, mi ò pààrọ̀ ẹ̀. Mi ò rí èyí tó gùn tó, ọjọ́ sì ti súnmọ́. Mo po ìyẹ̀fun pákó mọ́ gúlù, mo fi dí àwọn ihò ẹ̀, mo kan pákó pẹlẹbẹ bò ó, mo kùn ún lọ́dà. Mo ní máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ti di ọdún méjìlá. Màmá bi wọ́n pé, “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?”

Bàbá ní, “Wọ́n ti gbé férémù kọ́.”

Obìnrin tó wọlé yẹn kọ́ ló jáde. Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá òkè, ẹsẹ̀ kọ̀, kò gbé. Láti ọjọ́ náà, èèyàn mẹ́wàá péré ló gbọ́dọ̀ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan nínú wọn bá sanra, mẹ́sàn-án. Wọ́n ní kí gbogbo àlejò bọ́ bàtà, kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́, nítorí pé òǹkọ̀wé kórìíra ariwo. Irọ́ ni. Àwọn tó bá òǹkọ̀wé gbé ní orin tó máa ń kọ ń lé ẹyẹ kúrò lórí òrùlé. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé kan gbọ́ ọ̀rọ̀ Màmá, ó sì wá ṣe àsọyé wákàtí méjì lórí ipò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nínú ìgbésí ayé òǹkọ̀wé àgbà. Màmá jókòó síwájú, wọ́n ń mi orí.

Gbogbo àsọyé àti eré orí ìtàgé ni wọ́n kó lọ sí àgbàlá, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni òǹkọ̀wé fẹ́ràn. Òjò pa ọ̀mọ̀wé, òjò pa eléré, Màmá ń pín agbòòrùn. “Ẹ rọra o! Ẹ rọra!” ni wọ́n ń ké sí ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti jẹyọ. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa ọmọ wọn náà ṣe é, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé Màmá ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára ògiri yàrá ìgbàlejò, níbi tí àjà pẹ̀kun sí, wọ́n sì ń wò ó láràárọ̀. Láàárín ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, àjà náà ti fi ìbú ìka kan kọjá ìlà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí ẹnjiníà wá yẹ ilẹ̀ yẹn wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìgbìmọ̀ fèsì pé kí ọkàn wọn balẹ̀, pé káfíńtà tó mọṣẹ́ jù lọ ti tún un ṣe, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára ògiri. Kí ni Màmá fẹ́ sọ? Bí wọ́n bá ní igi ti jẹrà, ìgbìmọ̀ máa bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Bí wọ́n bá sọ bí wọ́n ṣe mọ̀, wọ́n ti hú ọkọ wọn jáde nínú sàréè nìyẹn.

Nínú ìgbàgbọ́, akọrin ni Màmá fún ọdún mọ́kànlélógójì. Òkè ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn ni àwọn akọrin ń jókòó sí. Láti ọdún 1996, Màmá nìkan ni akọrin tó ń kọ ohùn tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ní àdúgbò, àwọn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ìkàwé àwọn opó sílẹ̀, ilé tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹgbẹ́ náà sì ti máa ń pàdé. Màmá fẹ̀yìn tì lọ́dún 2014. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé òǹkọ̀wé, wọ́n ń ka orí àlejò.

Lọ́dún 2024 yìí, alága tuntun gorí ìgbìmọ̀. Ó gbé ètò ńlá kalẹ̀: àsọyé mẹ́ta, eré orí ìtàgé mẹ́rin, àti ijó kan tí oníjó méjìlá máa fẹsẹ̀ janlẹ̀ nínú rẹ̀. Yàrá òkè, níbi tí òǹkọ̀wé ti kọ̀wé gan-an, ni gbogbo rẹ̀ máa ti wáyé. Àádọ́rin àga. Màmá dìde nínú ìpàdé, ní yàrá ìgbàlejò nísàlẹ̀.

“Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní àgbàlá.”

“Màmá, ẹ̀rù àgbà lẹ fi ń bà wá yìí. Àwa la máa kú ká fi ilé yìí sílẹ̀.”

“Ilẹ̀ yẹn ò lè gbé yín, ọmọ mi.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

Màmá wo férémù tó wà lẹ́yìn orí alága. Wọ́n jókòó. Alága bá gòkè lọ, ó fò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín yàrá: gbì, gbì, gbì. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó padà wá, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, “Ẹ rí i, Màmá?” Ẹ̀rín pa gbogbo ìpàdé. Màmá nìkan ló rí ìyẹ̀fun funfun tó ń dà láti àjà sórí ìwé ètò tó wà níwájú wọn.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wọ ẹnu wọn mọ́. Ọjọ́ kọkàndínlógún, wọ́n pè wá jọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, “Mo fi orúkọ bàbá yín ṣe ọmọ jòjòló, mo ń gbé e pọ̀n. Ẹ̀yìn mi ò gbà á mọ́. Ẹ má tìtorí ẹ̀ pa ọmọ ọlọ́mọ.” Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkàn wọn dúró.

A kò ní tàn yín, àwa ọmọ jà lórí ìtàn yìí. Èyí àárín wa, tó jogún ìsọ̀ káfíńtà Bàbá tí orúkọ Bàbá sì wà lára pátákó ìsọ̀ náà, fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ wá bọ́ ọmọ mi! Ta ló máa tún gbé ilẹ̀kùn fún ọmọ oníjìbìtì?” Ó jáde. Ó lọ sílé òǹkọ̀wé bí ẹni tó fẹ́ kó ẹrù Màmá, ó sì ṣí pákó pẹlẹbẹ kan lábẹ́ yàrá òkè láti fi hàn pé Bàbá kò jẹ́ ṣe irú ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wọnú igi náà dé ìgúnpá. Nígbà tó padà dé, apá rẹ̀ funfun. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́. Ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tiwa ti sáré fún ogójì ọdún, òtítọ́ ò sì tíì bá a. A kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Akọ̀wé wọn bá wa kẹ́dùn, ó ní alága wà lẹ́yìn odi, pé ẹnjiníà máa wá lẹ́yìn ètò. Ó tún ní kí a gba ẹ̀bùn kan: láti fi bu ọlá fún Màmá, yàrá òkè ni ìgbìmọ̀ máa ti ṣàlejò gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá wa sìnkú lónìí, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. A kọ̀. Ìwé ìpolówó rẹ̀ ṣì wà lára géètì ilé ìjọsìn yìí. Ẹ ti kà á nígbà tí ẹ ń wọlé.

Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ GÒKÈ. Ẹ má gòkè lónìí, ẹ má gòkè ní Sátidé. Ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó dá a padà. Àgbàlá ni a ó ti gbà yín lálejò. Bí òjò bá rọ̀, ẹ jẹ́ kó pa wá.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: nọ́ọ̀sì, káfíńtà, àti eléré orí ìtàgé. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀, àti àbúrò obìnrin kan tó ń ránṣọ. Bí ẹ bá ka àwa ọmọ ní ìlà iwájú tí ẹ rí i pé ọ̀kan kò sí níbẹ̀, ẹ má pè é ní ọmọ burúkú. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ yìí ni àwọn oníjó ní ìdánrawò ní yàrá òkè. Láti aago mẹ́jọ ni káfíńtà ti jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé òǹkọ̀wé, ó kọ ẹ̀yìn sókè, ó di igi ìfọwọ́tì mú lọ́tùn-ún lósì. Kò ní rí i bí a ó ṣe sin ìyá rẹ̀. Títí di àkókò tí ìwé yìí fi wọ ilé ìtẹ̀wé láàárọ̀ yìí, a kò mọ̀ bóyá agbára rẹ̀ máa ká a.

Ẹ sùn re o, Màmá. Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ fi ìṣọ́ sílẹ̀ fún wa. Ilẹ̀ tí ẹ dùbúlẹ̀ sí yìí kì í wó.