Ẹ̀rọ Tó Pe Wàrà Kempamma Lómi

Nethra ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù tí ẹ ń fi ẹ̀rọ fà wọ inú ọ́fíìsì yín, bí ẹni pé èyí tí Ọlọ́run fún Bengaluru kò tó. Mahadeshwara orí òkè á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Bàbá rẹ wà, àfi orúnkún wọn. Òjò rọ̀ sórí ọkà ragi wa, ó ti ń yọ ọmọ.

Mo ti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún gbogbo àdúgbò bí o ṣe ṣe é fún mi lórí fóònù. Mo ní ìwọ lò ń ṣe àlàkalẹ̀ bí àwọn ẹ̀rọ yóò ṣe máa di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn, pé ẹ̀rọ tìrẹ á wá bá ọ kọ ìyókù ní èdè tí ẹ ń pè ní Sí, tí ẹ ní àwọn ẹ̀rọ ń gbọ́. Wọ́n bi mí pé ibo ni wọ́n ti ń sọ Sí, mo ní á jẹ́ apá àríwá lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń bá ọ kọ ọ́ o, kó má lọ máa san owó oṣù rẹ fún un.

Ọ̀rọ̀ Kempamma, opó ẹ̀yìnkùlé wa tí mo torí rẹ̀ sunkún sí ọ létí, ti yanjú. Ṣé o rántí pé ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rá inú wàrà bàjẹ́ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a ń ta wàrà fún, Kempamma nìkan ló sì kù lórí ìlà, ni akọ̀wé Shivanna bá ní kó gbé tirẹ̀ sílẹ̀ láìwọn ọ̀rá. Èsì dé láti ọ́fíìsì wàrà ní ìlú pé òdo ni ọ̀rá rẹ̀, pé omi ló gbé wá. Wọ́n lẹ bébà èsì náà mọ́ ògiri ẹgbẹ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé agolo wọn jìnnà sí tirẹ̀, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó ń da wàrà fún ajá.

Ìwọ lo bi mí bóyá wọ́n tilẹ̀ wọn ọ̀rá náà. Mo ní rárá. O ní ìwé Sí tí ẹ̀rọ tìrẹ kọ ló ń gbé èsì wàrà abúlé wa lọ sí ìlú, pé òun ló jẹ̀bi, pé ohun tí wọn kò bá sọ fún un, òdo ló ń kọ dípò rẹ̀. Mo ní irú wọn pọ̀ lábúlé wa, ohun tí wọn kò mọ̀ ni wọ́n ń tètè dáhùn. Bàbá rẹ ní ṣé gbogbo àkókò tí o fi tún un ṣe yìí lo fi ń kọ́ ẹ̀rọ láti máa sọ pé òun kò mọ̀, mo ní ì bá dára ká ní o lè kọ́ àwọn náà.

Nígbà tí wọ́n mú ìwé Sí tuntun rẹ wá sínú ẹ̀rọ ẹgbẹ́, mo fọ́ àgbọn síwájú rẹ̀ láti súre fún un. Shivanna ní omi àgbọn yóò bà á jẹ́, mo fi etí aṣọ sari mi nù ún. Wọ́n dán an wò láìwọn ọ̀rá, ó sì kọ ọ́ gbangba pé a kò wọ̀n ọ́n. Àwọn ọ́fíìsì wàrà ní ìlú pàápàá ti tún èsì àtijọ́ Kempamma ṣe, nítorí ìwé tí o kọ sí wọn. Shivanna fúnra rẹ̀ ló ya bébà náà kúrò lára ògiri, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà Kempamma, ó bọ́ sálúbàtà, ó ní wàrà rẹ̀ mọ́, àwọn ni àwọn kò wọ̀n ọ́n. Kempamma gbé agolo rẹ̀, ó sì ṣíwájú Shivanna lọ sí ẹgbẹ́.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, oúnjẹ màlúù ti wọ́n. Wọ́n ní o lè fi í sínú fóònù mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti sán, má fi púpọ̀ sí i kó má baà jò.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dójú tì ọ́, ẹni tó bá wọ̀n ọ́ kò ní fojú kéré rẹ. Màlúù Kempamma bí abo, Nethra ló sọ ọ́. Bí mo bá dárúkọ rẹ nínú àdúrà báyìí, màlúù ló ń dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Wá sílé, kí Nethra tó jẹ́ èèyàn náà dáhùn.

Èmi ìyá rẹ,
Puttathayamma