Òkun Kékeré Inú Pálọ̀ Wa

                                                  Ilé Kẹtàdínlógún,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́ Dígí.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó ju ọmọ ìyá lọ,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tí eyín ń dùn nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn? Ẹ̀yìn tó ń ro ọ́ ńkọ́? Ṣé o ti ń fi ìrọ̀rí sórí àga tí o fi ń ránṣọ bí mo ṣe sọ, àbí orí kunkun rẹ ṣì wà níbẹ̀? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Má bínú pé lẹ́tà rẹ ti wà lọ́wọ́ mi láti oṣù tó kọjá tí mi ò fèsì. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ò tíì ṣeé sọ. Ó ti wá ṣeé sọ báyìí, nítorí náà wá ibi jókòó sí.

O rántí bí ọkọ mi ṣe wà nígbà tí o wá kí wa. Ọkùnrin tó fi ọdún méjìlélógún wa kireeni, tó ń gbé ẹrù tó tó ilé sókè bí ẹni gbé àwo, orúnkún kan ṣoṣo ló dá a dúró. Ibi iṣẹ́ ní kó lọ sinmi. Ó sì sinmi lóòótọ́: oṣù mẹ́fà ló fi jókòó sórí àga, tó dojú kọ ògiri. Tí mo bá bi í pé kí ló fẹ́ jẹ, á ní èyí tó bá ti wà. Mò ń wo ọkọ mi bó ṣe ń parẹ́ lójú mi, mi ò sì mọ ibi tí màá ti dì í mú.

Àfi ọjọ́ kan tó lọ tọ́jú orúnkún yẹn ní ilé ìwòsàn, tó rí àpótí dígí ńlá kan níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Kì í ṣe ẹja odò ló wà níbẹ̀ o. Omi òkun ni, pẹ̀lú ẹja òkun, àti iyùn. Èmi, iyùn tí mo mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn. Mi ò mọ̀ pé abẹ̀mí ni nígbà tó wà nínú òkun, tó ń la ẹnu, tó ń na ọwọ́ wẹ́wẹ́, tó ń jẹun. Wọ́n pe ọkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́ pé òun ló kàn. Nígbà tó délé, ọ̀rọ̀ tí ò sọ fún oṣù mẹ́fà, ó sọ ọ́ tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun máa ṣe irú rẹ̀ sí pálọ̀ wa. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kó ṣe é.

Mi ò mọ̀ pé ẹnu ara mi ni mo fi ń lé ara mi kúrò ní pálọ̀. Ibi tí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ wà gan-an ló ní ó dára jù, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ le, oòrùn kì í sì í dé ibẹ̀. Tábìlì mi bọ́ sí yàrá. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé àpótí náà wọlé, èyí tó ń gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lítà omi. Ọkọ mi yá irinṣẹ́ lọ́wọ́ bíríkìlà kó lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú. Ó po iyọ̀ òkun mọ́ omi sísẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù, ó to àwọn òkúta oníhò jọ bí ihò àpáta, ó tan pọ́ǹpù, ó tan iná aláwọ̀ búlúù, ó wá ní ká máa wò ó.

Ká máa wo kí ni? Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, omi àti òkúta là ń wò. Ó ní omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbó dáadáa, pé ẹja tó bá tètè wọ inú rẹ̀ á kú. Aládùúgbò wa kan wá, ó wò ó títí, ó rọra bi mí létí bóyá òkúta la ti ń sìn nínú ilé yìí. Mo ní kó bi ẹni tó ni ín.

Àmọ́ nígbà tí àsìkò tó, ó dùn ún wò. Àwọn ìgbín òkun ló kọ́kọ́ wọlé, tí wọ́n ń lá dígí mọ́. Edé méjì tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà ni tọkọtaya ẹja pupa kan tí wọ́n ní ìlà funfun lára. Iyùn ló dé kẹ́yìn, ọkọ mi ń lẹ̀ wọ́n mọ́ òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ti ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ń kọrin ní balùwẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò dáa, o mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò ní kó dákẹ́.

Ẹnu mi ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Oníbàárà kan wá gba aṣọ tí mi ò tíì gé, nítorí tábìlì mi ò ṣeé yí po nínú yàrá yẹn. Ó fi ọ̀rọ̀ wẹ̀ mí dáadáa kó tó lọ. Inú ń bí mi, mo wọ pálọ̀, mo bá ọkọ mi tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ ara dígí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ wa kireeni sì jókòó tì í. Mo ní, "Ẹni tí ò níṣẹ́ ló ń tọ́jú ẹja tí ẹnikẹ́ni ò lè jẹ." Ẹyin lọ̀rọ̀, Abẹ́rẹ́. Ó bọ́, ó fọ́. Ọkọ mi rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti padà sórí àga. Tí mo bá kí i láàárọ̀, á dáhùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò pè mí, kò bi mí léèrè nǹkan kan.

Omi àpótí yẹn máa ń fà lójoojúmọ́, a sì gbọ́dọ̀ máa fi omi tí ò níyọ̀ rọ́pò rẹ̀. Àmì tó yẹ kí omi dé wà lára àpótí kékeré tí omi náà ń ṣàn gbà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kó tó rí i. Nígbà tí mo rí ọkọ mi lórí àga, mo gbà pé kò bu omi sí i mọ́. Mo sọ nínú ọkàn mi pé tí àwọn nǹkan yìí bá kú, ọ̀rọ̀ mi ló pa wọ́n, ọkùnrin yìí ò sì ní dáwọ́ lé nǹkan kan mọ́ láyé. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kó tó jí, mo ti kúnlẹ̀, mo ti bu omi dé ojú àmì. Tó bá dìrọ̀lẹ́, tó bá wọ balùwẹ̀, màá tún lọ wò ó. Ohun tí ò yé mi ni pé lálaalẹ́ ni omi yẹn ń ga ju àmì lọ. Mo rò pé pọ́ǹpù ló ń tì í padà. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ wa: ohun tó bá ti kọjá ojú ìlà tí a fi ṣọ́ọ̀kì fà sára aṣọ, gígé ni. Mò ń bu èyí tó lé, mò ń dà á nù.

Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn iyùn bẹ̀rẹ̀ sí í kákò. Àwọn ẹja ò jáde jẹun mọ́. Edé kan kú. Ọkọ mi dìde, ó dúró síwájú dígí, ó ní, "Ó ti tán," ó sì padà lọ jókòó. Ohùn tó fi sọ ọ́ ló bà mí lẹ́rù. Mo sáré lọ pe obìnrin tó ta ẹja fún wa, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dókítà Ẹja.

Obìnrin náà kán omi díẹ̀ sórí ohun èlò kan, ó gbé e sójú, ó kọjú sí fèrèsé. Ó ní iyọ̀ inú omi náà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ní, "Ta ló ń bu omi sí i?"

Ọkọ mi ní, "Èmi ni."

Èmi náà ní, "Èmi ni."

A wo ara wa. Àṣé jọ́ọ̀gì márùn-ún lọkọ mi ń dà sí i láàárọ̀ lẹ́yìn tó bá wẹ̀ tán, nígbà tí mo bá ti wà nídìí tábìlì mi nínú yàrá, bí Dókítà Ẹja ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó lè kúnlẹ̀ wo àmì, kíkà ló ń kà á. Dókítà Ẹja tún ní, "Ta ló wá ń bù ú kúrò?" Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wá ibi jókòó sí. Ó ní omi ló ń fà, iyọ̀ kì í fà, pé iyọ̀ òkun ni mò ń dà nù lójoojúmọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣe tiyín. Ẹ kàn ò bá ara yín sọ̀rọ̀ ni."

Mo fẹ́ da iyọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀, ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Ó ní ìyẹn ló máa pa wọ́n pátápátá, díẹ̀díẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. A jọ ń po iyọ̀ ni, èmi ń wọ̀n ọ́n, òun ń rò ó. Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀ ẹ́ pé kó foríjì mí. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn dun òun wọ eegun. Ó tún ní jọ́ọ̀gì márùn-ún yẹn nìkan ló ń gbé òun kúrò lórí ibùsùn láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ́, pé tí kì í bá ṣe ti omi yẹn, òun ì bá má dìde. Mo fi ìdí lélẹ̀ nídìí dúrọ́ọ̀mù, mo sunkún. Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni mò ń jà fún un.

Lánàá ni iyùn àkọ́kọ́ la ẹnu. Ó ku méjì tí a ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n máa yè, ṣùgbọ́n àwọn ẹja ti jáde, wọ́n ń lé ara wọn. Ọkàn mi ti wálẹ̀, Abẹ́rẹ́. Mo sùn dáadáa.

Bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Kí ọ̀gá wa tó kọ́ wa níṣẹ́, kí o sì sọ fún un pé gígé ojú ṣọ́ọ̀kì tó fi lílù kọ́ wa fẹ́ẹ̀ pa ẹja. Fi ìrọ̀rí sórí àga yẹn o.

Mi ò lè kọ jù báyìí lọ. Ilẹ̀ ti mọ́, ọkọ mi ti rọ omi sínú jọ́ọ̀gì, ó ní kí n wá kúnlẹ̀ sísàlẹ̀ kí n sọ fún òun tó bá tó. Ó ń pè mí, Abẹ́rẹ́. Ó tún ń pè mí.

Èmi tí mò ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn níbi gbogbo,
Òwú.