Káàdì Ìdíátù

Ajé, 3 Oṣù Kẹfà 2024
Ìwọ̀n kòkòrò: iye kòkòrò HIV tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Tó bá kéré, oògùn ń ṣiṣẹ́. Tó bá pọ̀, oògùn ò ká a mọ́ — bí ara onítọ̀hún tilẹ̀ ń dán. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìdíátù nìyẹn, ní kílíníìkì wa ní Mushin. Aránṣọ ni, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ó ní, "Àǹtí Láàbù, ara tèmi kúkú ń dán, àbí ẹ ò rí i ni?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wá tán lójú rẹ̀. "Ẹ ṣáà bá mi wò ó kí n tó bímọ. Mi ò fẹ́ kó ran ọmọ mi."

Tí a bá tètè mọ̀ pé ó pọ̀, dókítà á pààrọ̀ oògùn rẹ̀, ọmọ náà á sì gba oríṣi méjì dípò ẹyọ kan.

Ìṣẹ́gun, 4
Kò síná. Fíríìjì ti kú. Káàdì ló kù: ká kán ẹ̀jẹ̀ sí i, kó gbẹ, kó máa lọ. Kò nílò yìnyín. Mo ti kọ́ Sístà Glory, nọ́ọ̀sì wa. Òun ló di ti Ìdíátù ránṣẹ́ sí Kábíyèsí — orúkọ tí a fún ẹ̀rọ ńlá tó ń ka kòkòrò, tí gbogbo kílíníìkì ń dúró dè.

Ẹtì, 14
Kò sí èsì. Òjò.

Ọjọ́bọ̀, 20
Kábíyèsí kọ káàdì. Wọ́n ní ó ti bu, bí búrẹ́dì tó pẹ́ nínú ọ̀rá.

Ẹtì, 21
Mo bi Glory ìdí tí káàdì fi bu, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Orúkọ Ìdíátù wà lára ẹ̀, mà. Ìyá ọkọ ẹ̀ wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ yẹn. Ṣé kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí màmá kà á ni?" Ó tì í sínú ọ̀rá ní tútù. Àánú ló ṣe é.
A tún gba ẹ̀jẹ̀ Ìdíátù.

Àìkú, 30
Ìdíátù bímọ lánàá, ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé. Ọkùnrin. Èsì ò tíì dé. Oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n fún ọmọ.

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Keje
Èsì dé. Ó pọ̀. Ó pọ̀ gan-an.
Dókítà pààrọ̀ oògùn ìyá, ó fi èkejì kún ti ọmọ. Láti ọjọ́ tó dáyé ló yẹ kó ti máa mu ún. Mo sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún Ìdíátù. "Ẹ ṣé, Àǹtí Láàbù," ló wí, ó sì fi ìró bo ẹsẹ̀ ọmọ. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́rú, 10
A gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ní gìgísẹ̀, ká lè mọ̀ bóyá kòkòrò ti ràn án. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà — ó rò pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Ọ̀dọ̀ Kábíyèsí kan náà ni káàdì yìí ń lọ. Mi ò ní ìrètí púpọ̀.
Mo kọ èyí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri fún Glory àti ẹnikẹ́ni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa: Ẹ má kọ orúkọ sí káàdì, nọ́ńbà ni kí ẹ kọ. Ẹ tẹ́ ẹ sí gbangba kó gbẹ mọ́jú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó dì í.