Òfin Ọ̀rá Kò Ní Lé Mi Kúrò ní Lomé

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ẹ̀yìn tábìlì mi ní ọjà Adawlato. Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí Bọ̀ọ̀dá Délé àti ìyàwó wọn. Dúpẹ́ ọmọ yín náà ń kí yín. Ó ti ń dá rìn. Ó ti ń kí àwọn oníbàárà mi ní bọ́ńjúù kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, mò ń kọ́ ọ.

Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa, torí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń sọ ọ́. Gbogbo ẹbí ló ń pè. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé òfin tuntun ti ba ọjà ọ̀rá jẹ́ níbí, pé kí n di ẹrù, pé Bọ̀ọ̀dá Délé á wá kó èmi àti ọmọ kí oṣù yìí tó parí. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán wọn wá.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rá ni mò ń tà, èyí tí wọ́n ń pè ní sáṣẹ́ níbí: ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá tí wọ́n ń rọ omi tútù sí, àti dúdú ńlá tí wọ́n fi ń gbé ẹja. Ìjọba wá ní àwọn ò fẹ́ irú ti àtijọ́ mọ́, àfi èyí tó máa ń jẹrà. Wọn ò sọ ohun tí a máa fi èyí tó wà nílẹ̀ ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ kàn dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń kó ọ̀rá mi sínú ọkọ̀. Dúpẹ́ ń sunkún lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n mo ní wọn ò ní lọ àfi kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n kó sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tó ń jẹrà nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣe àṣìṣe. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tí ọjà bá ti dé, kéèyàn rà á jọ kó tó wọ́n. Mo rà á jọ lóòótọ́. Mo kó o sórí àjà yàrá wa ní Bè-Kpota, lábẹ́ páànù, níbi tí oòrùn ti ń yan án láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ṣì ń dán, mi ò fura pé oòrùn ti jẹ ẹ́ nínú. Mo tà á fún Dada Afi, ìyá kan tó ń ta omi ìṣápá tútù nítòsí mi. Ó rọ omi pupa náà sí i, ó dì í, ó gbé e rù. Kò tíì dé títì tí gbogbo rẹ̀ fi fọ́ sí i lára. Ó padà wá dúró níwájú mi, aṣọ rẹ̀ pupa látọrùn dé ẹsẹ̀, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí pè mí, ó ní, “Anago, eérú lo tà fún mi.”

Gbogbo ìlà wa ló rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Eléérú.

Mo délé, mo sunkún, mi ò ní parọ́ fún yín. Òjò ń rọ̀, Bàbá Dúpẹ́ ṣì wà níbi iṣẹ́ mẹkáníìkì wọn ní Djidjolé, kò sì sí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ ní èdè wa. Ìgbà yẹn gan-an lẹ pè. Ẹ ní ìjọba àpapọ̀ ti Nàìjíríà náà ń lérí pé àwọn máa fòfin de ọ̀rá, wọ́n á sọ ọ́ lónìí, wọ́n á sún un síwájú lọ́la, àwọn tó ń ṣe é sì ti ń tà á lọ́pọ̀ kí ọwọ́ òfin tó tẹ̀ wọ́n. Ẹ ní tí mi ò bá fẹ́ wálé, ẹ lè kó irú ti àtijọ́ yẹn sínú àpò gàrí fún mi, kí n máa tà á lábẹ́ tábìlì bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Màámi, mi ò ṣe.

Kì í ṣe ẹ̀rù òfin. Inú ṣì ń bí mi sí àwọn tó jókòó sí yàrá tútù, tí wọ́n ń ṣòfin lórí ọjà tí wọn ò tà rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín. Lọ́dún tó kọjá, kí òfin yìí tó dé, gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa dí, omi òjò wọlé bá Dúpẹ́ lórí ẹní. Nígbà tí Bàbá Dúpẹ́ tọwọ́ bọ gọ́tà náà, ọ̀rá dúdú ló ń fà jáde, ó ń fà á, kò tán. Irú tí mò ń tà ni. Mi ò sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé ẹkún lẹ máa sun.

Nítorí náà, mo gbé ọ̀rá tuntun lọ bá Dada Afi nílé, mo sì bá a fọ aṣọ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó rà nínú èyí tó bàjẹ́ ni mo pààrọ̀ tiwọn fún. Mi ò rà á jọ mọ́. Ìwọ̀nba tí mo lè tà lọ́sẹ̀ kan ni mò ń rà. Mò ń fi báírò kọ ọjọ́ tó dé sára ìdì kọ̀ọ̀kan, inú àpótí onígi ló ń sùn, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ jáde, bíi búrẹ́dì. Èrè rẹ̀ ò tó ti àtẹ̀yìnwá, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ tí mo bá rí ọkọ̀ ìjọba. Àmọ́ Dada Afi ti padà. Ó máa ń ka ọjọ́ ara ìdì sókè kó tó sanwó, ó sì ń sọ fún ará ọjà pé ọ̀rá Anago ní ọjọ́ ìbí.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà ti tún wá. Mo nawọ́ ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí sí wọn, mo bi wọ́n pé ẹrù mi dà. Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn lọ. Tí wọ́n bá tún dé, màá tún bi wọ́n. Bí wọ́n bá tún yí òfin padà, wọ́n á bá mi níbí.

Tí Bọ̀ọ̀dá Délé bá fẹ́ wá, kí wọ́n wá jẹun, kí wọ́n gbé Dúpẹ́ ṣeré, kí wọ́n sì dá nìkan padà.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ Dúpẹ́ ní ìkúnlẹ̀ tó kù. Ẹ bá mi kí gbogbo ojúlé, àtèwe àtàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ìdì ọ̀rá tí mo fi ránṣẹ́ sí yín nígbà Kérésìmesì, tí ẹ ní ẹ tọ́jú sórí àjà, ẹ sọ̀ ọ́ wò. Ara èyí tó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Tó bá fọ́ mọ́ ẹ̀yin náà lọ́wọ́, ẹ gbá a dànù, ẹ má sunkún. Ọ̀rá ló fọ́, Màámi. Èmi ò fọ́.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣì wà ní Adawlato,
Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Dúpẹ́