Báàgì Aláwọ̀ Eérú Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Wò Lẹ́ẹ̀mejì

                                        Ojúlé 41, Òpópónà Sourwood,
                                        Bent Creek,
                                        Tennessee.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Corinne, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kó o sùn? Hollis ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti dé láti ìdí kànga epo, àbí ó ṣì wà níbẹ̀ tó ń fi ẹ̀wà inú agolo ṣe oúnjẹ àárọ̀ àti talẹ́? Beckett ọmọ-ọmọ rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fìríìjì, pé ó kó ẹyin jáde fi gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ kú ooru Texas o. Níbí, ewé ti ń pọ́n lórí òkè, Lowell ọkọ mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé òun nìkan ni yóò gbá gbogbo rẹ̀. Ara mi le, mo dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò tíì padà sílé, wàá sì rí ìdí rẹ̀ bó o bá kà á síwájú.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń tẹ̀ lé ọ níbi tí ẹ máa ń gbé ọkọ̀ sí ní ilé ìwòsàn tó o ti ń ṣiṣẹ́ kó jìnnìjìnnì bá mi. O ní kò fọwọ́ kàn ọ́, pé bó o bá rìn, á rìn, bó o bá dúró, á dúró, títí tí ẹ̀ṣọ́ fi yọ. O wá ní o ti gba ìwé àṣẹ, o sì ti ra ìbọn ìléwọ́, báàgì tí wàá máa gbé e sí ló kù. O ní Lowell sọ fún Hollis pé Verna ra báàgì àgbékọ́ kan tó dára, èyí tí okùn rẹ̀ ń gba èjìká kọjá sí àyà, kí n sọ irú èyí tó jẹ́ fún ọ. Màá sọ. Ṣùgbọ́n wá ibi jókòó sí ná, má kà á lórí ìdúró bó o ṣe máa ń ṣe.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Clifton ọkọ rẹ̀ ti kú ni Verna, àbúrò ọkọ mi, ti ń dá gbé. Ní àkókò tí igi ń rúwé, nígbà tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan fọ́ fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ wọlé. Wọ́n kó ohun tí wọ́n rí kó. Èyí kò bà á lẹ́rù tó ti páì tó wà lórí tábìlì: wọ́n gé e, wọ́n jókòó jẹ ẹ́, wọ́n sì kó àwo sínú ibi ìfọbọ́ bí ẹni pé wọn yóò padà wá. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti sá lójú rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, bó bá rí ekòló, á sá. Verna ní ìbọn Clifton kò ní kúrò lára òun mọ́, àti nílé, àti lóko, àti lọ́jà.

Kò lè so ó mọ́ bẹ́líìtì nítorí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i ní ìbàdí. Báàgì ọwọ́ kò dára, olè lè já a gbà, kí ó sì tó rí ìbọn láàárín awò ojú àti ìyarun, ilẹ̀ á ti ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì ṣe gba ṣọ́ọ̀bù Delbert lọ, bàbá kan tó ń ta ìbọn àti ohun èlò rẹ̀ lẹ́yìn afárá.

Kí n má purọ́, inú wa dùn lọ́jọ́ náà. Báàgì àkọ́kọ́ tí Verna mú jẹ́ aláwọ̀ ewé ti àwọn sójà, wọ́n rán okùn àti àmì lóríṣiríṣi sí i lára. Delbert wò ó, ó ní, "Ìyáàfin Verna, ẹ kúkú kọ ọ́ sára pé ìbọn wà níbí, kí olè lè mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí." Ó ní èyí tó tóbi kò dára, pé gbogbo ohun tó wà nílé la máa kó sí i, ọrùn á sì máa roni. Ó wá gbé ọ̀kan aláwọ̀ eérú jáde. Kò lẹ́wà, kò burẹ́wà. Ó ní àpò kan ní ẹ̀yìn tó fara ti àyà, tí aṣọ inú rẹ̀ le, kí ìrísí ìbọn má baà yọ síta. Akọ̀ wà nínú rẹ̀ tó bo ibi tí ìka ti ń fa ìbọn, ohunkóhun mìíràn kò sì gbọdọ̀ wọ inú àpò náà, ì báà ṣe tíṣù. Síìpù rẹ̀ ní ojú méjì, ọwọ́ kan ṣoṣo sì tó láti fi fà á ṣí.

Delbert sọ ohun méjì tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, "Báàgì tó dára ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì." Ó tún ní, "Kò gbọdọ̀ kúrò lára yín o. Bó bá ti kúrò lára yín, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀ ló ni ín."

Verna rà á. Nígbà tó délé, ó ń bẹ̀rù pé síìpù lè ṣí fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó bá fi píìnì ńlá kan há ojú síìpù méjèèjì pọ̀. Delbert rí i, ó ní kó yọ ọ́, pé olè kò ní dúró kó tú píìnì. Èmi náà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ọkọ mi, ṣé ẹ máa ní kí olè bá yín di báàgì mú kí ẹ fi tú píìnì ni?" O mọ̀ pé bí a ṣe máa ń ṣeré nìyẹn: mo ń pè é ní ọkọ, ó ń pè mí ní ìyàwó. Ó ní òun ti gbọ́, òun máa yọ ọ́. Kò yọ ọ́.

Báàgì náà wù mí. Bí mo ṣe rí irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ilé ìtajà ńlá tó wà létí ọ̀nà, mo ra tèmi, mo fi ń kó bísíkíìtì Josie, ọmọ Tess ọmọbìnrin mi, sí, àwọn bísíkíìtì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣe bí ẹja yẹn, pẹ̀lú omi èso rẹ̀ àti aṣọ ìnujú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Josie báyìí. Bí a bá ti wọ ọkọ̀, mo máa ń gbé báàgì lé e lẹ́sẹ̀ lórí àga rẹ̀ lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ á ṣí i. Nígbà tí èmi àti Verna jọ gbé báàgì wa jáde, a rẹ́rìn-ín, a ní a ti di ìbejì.

O mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, Corinne. A kì í bọ ara wa lọ́wọ́ níbẹ̀, a máa ń dì mọ́ ara wa ni, àtàgbà àtọmọdé, kò sẹ́ni tó ń jáde láìjẹ́ pé wọ́n dì í mọ́ra. Ní ọjọ́ ìsinmi tí Verna kọ́kọ́ gbé báàgì náà wá, màmá Opal dì mọ́ ọn, ó sì fara kan nǹkan líle. Ó bi í léèrè bóyá Bíbélì ni. Ojú ti Verna. Ìwúlò báàgì náà ni pé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, màmá Opal ti wá fi àyà mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà, bí ìsìn bá ti parí, Verna á yọ báàgì, á gbé e kọ́ lẹ́yìn kóòtù rẹ̀ lára ìkọ́ ẹnu ọ̀nà, á wá máa dì mọ́ àwọn èèyàn. N kò mọ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ìkọ́ yẹn náà ni mo máa ń gbé tèmi kọ́.

Ní oṣù tó kọjá, a ṣe oúnjẹ àjọjẹ lẹ́yìn ìsìn. Tess wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni Josie wà. A jẹ adìyẹ díndín àti búrẹ́dì àgbàdo, Verna ń bá wọn bu ẹ̀wà aláwọ̀ ewé tí wọ́n yan nínú ààrò. Nígbà tí Josie bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún oorun, mo gbé báàgì eérú láti ara ìkọ́, mo gbé ọmọ, a wọ ọkọ̀. Mo rí i pé báàgì wúwo díẹ̀. Mo rò pé omi èso ni. Mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀.

A ti kọjá afárá nígbà tí Josie ní, "Màmá àgbà, wọ́n ti bísíkíìtì mi pa." Mo ní kó rọra fà á. Mo tún kì í láyà, Corinne. Mo ní ọmọ tó lágbára ni, kó fà á dáadáa. Fóònù mi bá dún, Verna ni. Ó ti fẹ́ máa lọ sílé, ó gbé báàgì tó kù, ó fúyẹ́ jù, ó ṣí i, ó sì rí bísíkíìtì.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé Josie wà nínú ọkọ̀?"

Mo ní ó wà lẹ́yìn.

"Dá ọkọ̀ dúró. Báàgì mi ló wà lọ́wọ́ yín."

Mo yà síwájú ọgbà tí wọ́n ti ń ta katakata, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Josie gbé ọwọ́ kan sókè sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wò ó, mo ti yọ píìnì. Kò gún mi." Síìpù ti ṣí díẹ̀, àyè tí ìka ọmọdé lè gbà.

Mo ní kó gbé báàgì fún mi. Ó kọ̀, ó ní òun kò tíì rí bísíkíìtì òun. Ó fà á mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọlangidi. N kò lè já a gbà, nítorí n kò mọ apá ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí. Ohùn mi kò gbọ̀n, n kò mọ ẹni tó bá mi dì í mú. Mo ní, "Ó dáa, fún Màmá àgbà ní píìnì yẹn, kó má lọ gún ọ." Bó ṣe na ọwọ́ píìnì sí mi ni mo fi ọwọ́ kejì gbé báàgì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Mo jókòó sórí koríko, mo jẹ́ kó sunkún. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, èmi ni mo sì gbé e lé e lẹ́sẹ̀.

Verna wa ọkọ̀ bá wa láìwọ kóòtù. Kò lè sún mọ́ ọkọ̀ tí ọmọ wà nínú rẹ̀. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Nígbà tí Lowell dé, òun ló yọ ọta kúrò nínú ìbọn.

Mo sọ fún Tess lọ́jọ́ náà gan-an. Ó gbé Josie dúró lórí àpótí níbi ìfọbọ́, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un fọ̀, ó ń fọ àárín ìka kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun kò bínú sí mi, ṣùgbọ́n kí Josie má tíì wọ ọkọ̀ mi ná. N kò bá a jiyàn.

Láti ìgbà náà, bí Lowell bá fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo máa ń dúró gbagidi níbi tí mo bá wà. Bí mo bá ń fọ abọ́, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, bí ẹni ń fà á díẹ̀díẹ̀, mo sì máa ń bojú wẹ̀yìn. Bí wọ́n bá dì mọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, àyà mi ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe etí. Mo ti bá nǹkan líle lára àwọn tí n kò rò. Díákónì kan wà nínú wọn, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

N kò ní kó o má rà á. Èmi kọ́ ni ọkùnrin yẹn tẹ̀ lé. Verna ti gbé ìbọn fún Lowell, ṣùgbọ́n ilé wa ló ń sùn báyìí, ó sì máa ń fi àga ti ilẹ̀kùn. Ìpayà rẹ kì í ṣe àṣejù. Bó o bá máa rà á, gbogbo ohun tí Delbert sọ nípa báàgì ni òótọ́, mo ti kọ ọ́ sókè. Ṣùgbọ́n má ra èyí tó jọ ohunkóhun nínú ilé rẹ. Kí o sì bi ara rẹ léèrè ohun kan kó o tó náwó: nígbà tó o bá tibi iṣẹ́ dé, tí Beckett sáré jáde tó fẹ́ dì mọ́ ọ, ibo ni báàgì yóò wà? Delbert kò bi Verna ní ìbéèrè yẹn, èmi náà kò sì bi í.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, Tess mú Josie wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Verna ṣe rí i, ó kọ́kọ́ na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí Tess lè rí i pé kò sí nǹkan lára òun. Josie sáré lọ bá a, ó dì mọ́ ọn, ó wá ń fi ọwọ́ wá àyà rẹ̀ kiri. Ó ní, "Àǹtí Verna, báàgì yín dà? Ẹ gbé e wá. Ó kù díẹ̀ kí n ṣí i tán." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ yìí mà gbọ́n o. Èmi àti Verna kò lè wo ojú ara wa.

Bá mi kí Hollis tó bá dé. Fún Beckett ní ẹyin kan sí i, kó máa fọ́ ọ lọ. Lowell kí ọ, Verna náà kí ọ, ó sì mọ̀ pé mo kọ èyí sí ọ.

Èmi ṣì ni tìrẹ, bí mo ṣe jẹ́ láti kékeré,

Nadine