Ajá Ni Mo Ń Hun Kádígàn Yẹn Fún

Màámi mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ọyẹ́ tó ń fẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Bàámi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Fúnkẹ́, àti àwọn ọmọ wọn. Ara mi le, ọkọ mi wà dáadáa, Màmá tó bí ọkọ mi náà ní kí n bá àwọn kí yín. Mo kọ lẹ́tà yìí síta gbangba nítorí gbogbo ilé ló ti ń kí yín kú oríire, ó sì yẹ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ lẹ́nu mi: mi ò tíì lóyún o. Ajá ni mo ń hun kádígàn yẹn fún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, kí n ṣàlàyé.

Oṣù mẹ́rin péré ni mo ṣì lò nílé ọkọ. Inú mi ń dùn, Màámi, débi pé tí mo bá ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Conyers, orin ni mo máa ń kọ, ọ̀gá wa a ní ta ló fún mi lówó. Ilé wa ní Snellville kò tóbi, ṣùgbọ́n ó ní pálọ̀ tí oòrùn máa ń wọ̀ dáadáa, ibẹ̀ la sì máa ń kóra jọ sí lásìkò òtútù yìí: èmi, ọkọ mi, Màmá, àti Bísíkíìtì, ajá kékeré pupa rúsúrúsú tí ọkọ mi ti ń sìn kó tó mọ̀ mí. Òtútù agbègbè Atlanta ní Amẹ́ríkà níbí kì í ṣe ti ọyẹ́ tó ń gbẹ ètè lásán, inú eegun ló ń wọ̀. Ọkọ mi a po tíì, Màmá a fi ìborùn bo èjìká, èmi a mú abẹ́rẹ́ ìhun méjèèjì tí ẹ dì sínú báàgì mi. Tí mo bá ti ń hun, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ìhunṣọ yín, tí ẹ ń bá mi ka ojú òwú, àárò yín a sì rọlẹ̀ díẹ̀.

Bísíkíìtì ló ń gbọ̀n. Irun rẹ̀ kò pọ̀. Mo ní màá hun aṣọ fún un. Ṣùgbọ́n Màámi, kí lẹ kọ́ mi? Kádígàn ọmọ tuntun nìkan ni, mi ò mọ òmíràn hun. Mo ra òwú yẹ́lò, torí ẹ máa ń sọ pé yẹ́lò yẹ ọkùnrin, ó yẹ obìnrin. Mo hun ẹ̀yìn àti àyà, mo hun apá kan fún ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, mo fi í sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, mo bá lọ síbi iṣẹ́.

Màmá rí i. Wọn ò bi mí léèrè. Ìyá wo ló máa bi ìyàwó tuntun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Wọ́n kàn yí padà ni. Láti ọjọ́ kejì, ògì gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín ti máa ń wà lórí tábìlì kí n tó jí. Wọn ò jẹ́ kí n gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìfọ̀ mọ́. Wọ́n lé Bísíkíìtì kúrò lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n ní kó lọ fi irun rẹ̀ da ẹlòmíràn láàmú. Wọ́n bá ọkọ mi wí pé ó jókòó, ó ń wò mí níran, èmi ni mò ń ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì mọ́tò. Ọkọ mi ní ta tiẹ̀ ni ọmọ wọn nínú àwa méjèèjì. Wọ́n ní àwọn ṣì ń rò ó.

Ẹ dákun, ẹ má bú mi. Èmi rò pé bí wọ́n ṣe ń gẹ ìyàwó nìyẹn. Mò ń mu ògì, mò ń gbádùn, mò ń sọ fún ọkọ mi pé irú ìyá ọkọ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Àfìgbà tí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi, tí ẹ ní ẹ ò bèèrè nǹkan kan o, pé ẹ kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ ti parí fìlà, ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ ìbọ̀sẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wo apẹ̀rẹ̀ òwú. Mo wo abọ́ ògì. Ó wá yé mi.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Kì í ṣe ti ọmọ. Kò tíì pẹ́, mo sì mọ̀ pé Ọlọ́run yóò fún wa. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé tí mo bá sọ òtítọ́, ìkẹ́ yẹn lè dópin, kó wá hàn pé ọmọ tí kò sí ni wọ́n ń ṣe é fún, kì í ṣe èmi. Ọkọ mi ní òun lè bá mi sọ ọ́. Mo ní rárá, èmi ni mo hun ún, èmi ni màá sọ ọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, yìnyín bo títì, kò sẹ́ni tó lè jáde. Gbogbo wa wà ní pálọ̀. Mo parí apá kejì, mo pe Bísíkíìtì, mo wọ kádígàn náà fún un, mo de bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo wá kúnlẹ̀, mo ní Màmá, ẹ má bínú, ẹni tó ni ín nìyí.

Wọ́n wo ajá, wọ́n wò mí. Ọkọ mi tẹjú mọ́ kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé ṣé nítorí ajá làwọn ṣe ń jí po ògì láago márùn-ún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní ìyá mi tí àwọn ti sọ fún ńkọ́? Mo ní wọ́n ti hun fìlà, mà. Wọ́n tún wo Bísíkíìtì, tó dúró bí alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ ka ìfilọ̀, ni èjìká wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló fa omi náà, mi ò sì bèèrè. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò fẹ́ rí tábìlì tó ṣófo. Ohùn Màmá ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ìyàwó, ṣé kí àwọn kúkú gbé ògì yìí fún ajá ni, ó ti ń tutù.

Nítorí náà, Màámi, ẹ má tú fìlà yẹn o. Ẹ dì í sínú àpótí aṣọ yín, ẹni tó ni ín ń bọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin, ẹsẹ̀ Bísíkíìtì ṣì ń tutù.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ojú yín kò ní ṣú, ọwọ́ tí ẹ fi ń hunṣọ kò ní gbọ̀n. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó ti bá yín yọ̀, ẹ ní kí wọ́n má gba ayọ̀ wọn padà. Mò ń lò ó.

Èmi ni ọmọ yín, ìyàwó tí wọ́n ń kẹ́,
Bùkọ́lá