Ẹsẹ̀ Mi Wú, Wọ́n Ní Kí Àbúrò Mi Wá Búra

Èmi tí mò ń kọ èyí, èmi nìkan ni mo fi èjìká ti lọ́rì tó kún fún iṣu láti Ìwàrò títí dé orí òkè Ọ̀kà, mi ò mí hẹlẹ. Ṣùgbọ́n hóró oògùn kan tí kò tó èékánná ọmọdé ló gbé mi ṣubú, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá lára mi ní Ìkàrẹ́. Wọ́n ní kí n máa lo amlodipine, ẹyọ kan lójúmọ́, ẹnikẹ́ni ò sọ ohun tó lè tẹ̀lé e. Kò pẹ́, orí ń fọ́ mi, ojú ń gbóná bí ẹni tó ń yáná, ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì wú... bàtà ò wọ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ tó bá wú láìní egbò, wọ́n á ní nǹkan ló tẹ̀. Èmi àti àbúrò mi sì ń jà lórí ààlà oko. Mo bá sọ fún ẹbí pé mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń ri nǹkan mọ́ ojú ọ̀nà oko mi. Wọn ò tilẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan. Irú ẹbí wo nìyẹn? Àwọn ọmọ mi ò kí i mọ́, ìyàwó rẹ̀ ń sunkún kiri.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan fi ìka tẹ ẹsẹ̀ mi, ojú ìka náà jin síbẹ̀, ó ní oògùn ni. Ó ní kálísíọ́mù, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, tó ń wọ inú ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́ kí iṣan fún mọ́ ẹ̀jẹ̀, pé oògùn yìí ló ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn kí iṣan lè dẹ̀. Bí àwọn iṣan tó tín-ín-rín bá wá dẹ̀ jù, omi á máa jò jáde, á sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ó ní n má dá a dúró fúnra mi, dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Kí ló dé?

Jímọ̀ tó ń bọ̀, àbúrò mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ lé Àlùkùránì búra níwájú ẹbí. Ó ní òun ò ní búra, òun á kúkú kó kúrò ní Ọ̀kà. Àná ló dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kò wọlé, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò ṣe é." Mo wolẹ̀, ẹsẹ̀ mi tó wú ni mò ń wò.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé níwájú gbogbo wọn ni kí n ti sọ ọ́, àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá a nílé? Ojú wo ni àwọn ọmọ mi á fi wò mí? Ẹsẹ̀ mi wú lóòótọ́. À ń jà lórí ààlà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí àbúrò mi kó ri nǹkan kan mọ́lẹ̀ rí láyé mi. Ibẹ̀ ni mo purọ́ sí.